Ọmọ Méjì, Lẹ́tà Kan

"Olódo ni ọmọ rẹ! Olódo paraku! Ìwé kò wọ orí ẹ̀, kó lọ fẹ́ ọkọ!"

Ọ̀sán gangan ni Kúlúsúmù ń pariwo báyìí láàárín agbo ilé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìbàdí. Àwáwù, ìyálé rẹ̀, wà nídìí ààrò, ó ń ro èkùrọ́ inú agbada tó ń dín, kó lè di àdín tí yóò tà. Èéfín ń ta á lójú. Àwọn tó ń wòran rò pé èéfín ló fà á tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kúlúsúmù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, fi ọmọ mi sílẹ̀."

"N ò ní fi í sílẹ̀! Ṣebí ìwọ lò ń sọ fún gbogbo Ẹdẹ pé ọmọ rẹ á di tíṣà? Sàrátù tèmi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti oṣù mẹ́ta. Fàsílátù tìrẹ dà? Èkùrọ́ ló ń pa! Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran!"

Ìyàwó kékeré tí ń pe ìyálé ní "ìwọ" ní gbangba! Èyí kì í ṣe àfojúdi lásán. Olè mìíràn a máa pariwo kí aráyé má baà gbọ́ ìró ohun tó gbé sábẹ́ aṣọ. Kúlúsúmù mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀yin náà yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Àtàndá ni ọkọ àwọn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ṣọ́jà tó gba ìjọba, tí wọ́n ní owó ti tán nílẹ̀ yìí, tí wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn ewé. Láti ọjọ́ náà, ilé ló ń jókòó sí. Iṣẹ́ àdín Àwáwù kò tó bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n Kúlúsúmù ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ, ọjà tó di góòlù láyé ìgbà náà, tí àwọn èèyàn ń tò láti àárọ̀ kí wọ́n tó rí agolo kan rà. Ọwọ́ Kúlúsúmù ni Àtàndá ti ń jẹun, ẹnu tó bá sì ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo.

Oṣù mẹ́ta péré ni Fàsílátù fi ju Sàrátù lọ. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà. Fàsílátù ló ń ṣe ipò kìn-ín-ní. Sàrátù, ọmọ jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà bí ẹni rí ẹkùn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni í máa ń wà. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Wáẹ́kì, wọ́n sì jọ ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ kan ní apá òkè. Nígbà tí lẹ́tà yóò dé, ọ̀kan ṣoṣo ló dé. Kúlúsúmù jó yí agbo ilé ká, ó ní ti Sàrátù ni.

Ẹnu ya gbogbo ará ilé. Sàrátù kẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń ta mílíìkì jà?

Àpótí lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù Kúlúsúmù ni gbogbo lẹ́tà ilé náà ń gbà wọlé. Àwáwù lọ bá a, ó ní, "Ìyá Sàrá, jọ̀ọ́, ṣé kò sí lẹ́tà kankan fún Fàsílátù?"

Kúlúsúmù gbé ọwọ́ lé Kùránì. "Bí mo bá rí lẹ́tà ọmọ yín tí mo gbé e pamọ́, kí Ọlọ́run dójú tì mí níwájú ọ̀tá mi!"

Àwáwù tún lọ bá ọkọ wọn. "Bàbá Fàsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé èsì Wáẹ́kì ọmọ náà tí ẹ gbà níléèwé, kí n mú un lọ béèrè níbi tó bá yẹ."

"Ó wà nínú àpótí mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ọmọ kò yege, ó parí! Àbí ìwọ lo máa kọ́ ìjọba níṣẹ́?"

Kò wò ó lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Àwáwù rí i pé kò wo òun lójú. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ló ti fi sin ọkùnrin náà, ta ló máa rò pé òrùlé tí òun ń sá òjò sí lábẹ́ ni yóò wó lu òun?

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Àlájì Ráímì, agbaṣẹ́ṣe kan ní Ṣẹkọnà, ní òun fẹ́ fi Fàsílátù ṣe ìyàwó kẹrin. Irùngbọ̀n Àlájì ti funfun báláú, àkọ́bí rẹ̀ sì fi ọdún mẹ́wàá ju Fàsílátù lọ. Kúlúsúmù ló ṣe alárinà. Àtàndá gbà. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ìdí abájọ rèé tí Kúlúsúmù fi ń pariwo ọkọ, ọkọ.

Fàsílátù gbọ́ gbogbo èébú náà láti inú yàrá. Ọjọ́ kẹta rèé tí oúnjẹ kò kan ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Àwáwù wọlé, ó bá a lórí ẹní, ó dojú kọ ògiri.

"Màámi, kí ni mo ṣe? Gbogbo ìbéèrè ìdánwò yẹn ni mo mọ̀. Mo mọ̀ wọ́n! Àbí orí mi ló ti dàrú tí n ò mọ̀?"

"Orí rẹ ò dàrú, ọmọ mi."

"Bí wọ́n bá mú mi lọ sí Ṣẹkọnà, ẹ ò ní rí mi mọ́. Odò Ọ̀ṣun kò jìnnà sí wa níbí."

Àwáwù fò mọ́ ọmọ náà, ó gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tó wà ní ìkókó. "Fàsílátù! Má pa mí! Má fi ẹnu rẹ pa mí! Bó ṣe awọ ara mi ni mo máa bó tà, ìwé lo máa kà! Ṣé o gbọ́? Dá mi lóhùn!"

"Mo gbọ́, Màámi."

Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà títí tó fi mu ẹ̀kọ gbígbóná ní ife kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú sányán ìgbéyàwó rẹ̀, aṣọ kan ṣoṣo tó kù tó ní láárí, ó tà á. Ó ní òun yóò dá Fàsílátù padà sí kíláàsì karùn-ún kó tún ìdánwò ṣe, bí ọkọ òun fẹ́, bí ọkọ òun kọ̀. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó forí lé ilé ìwé.

Mísíìsì Afọlábí, ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, Onítẹ̀bọmi tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìyá Fàsílátù, ọ̀rọ̀ yín kò yé mi. Ta lẹ ní kí n gbà padà?"

"Fàsílátù mi yìí ni, mà."

"Fàsílátù tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga?"

"Kò sí níbì kankan, mà. Wọ́n ní kò yege. Ó ń bá mi pa èkùrọ́ nílé."

"Ta ló ní kò yege?" Mísíìsì Afọlábí fa ìwé méjì yọ lórí tábìlì. "Òun ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo wọn! Ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní Fàsílátù Àtàndá ti ń kàwé lọ́dọ̀ àwọn láti oṣù mẹ́ta, ìwé èsì ránpẹ́ ló mú wá, wọ́n wá fẹ́ ojúlówó ìwé ẹ̀rí tó ní fọ́tò. Ìwé ẹ̀rí náà rèé. Fọ́tò ọmọ yín rèé." Ó wo Fàsílátù láti orí dé ẹsẹ̀. "Bí Fàsílátù bá dúró níwájú mi, ta ló wà lọ́hùn-ún?"

"Sàrátù!" ni Fàsílátù ké.

Àwáwù jókòó sórí símẹ́ńtì ọ́fíìsì náà wọ̀ọ̀.

"Ẹ má sọ ọ́ nílé o," ni Mísíìsì Afọlábí wí. "Ìkà tó bá gbọ́ pé a ń bọ̀ yóò dáná sun ohun tó kù. Lọ́la Jímọ̀, a jọ máa wọ ọkọ̀ ojú irin."

Àwáwù parọ́ nílé pé òun ń mú Fàsílátù lọ dágbére fún àwọn ẹbí òun kí yìgì tó dé. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọkọ ti pa tirẹ̀ tipẹ́!

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, wọ́n ránṣẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Fàsílátù Àtàndá. Ilẹ̀kùn ṣí. Sàrátù wọlé. Ó rí Àwáwù. Ó rí Fàsílátù. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ já bọ́.

"Kí lorúkọ rẹ?" ni akọ̀wé bi í.

"Fà... Fàsí..." Kò lè pè é tán. Ó wólẹ̀ lórí eékún. "Ẹ ṣàánú mi, sà! Sàrátù ni mí! Màámi ló ní kí n máa jẹ́ Fàsílátù. Mo ní n ò lọ, wọ́n ní àwọn á fi ọmú tí mo mu ṣépè fún mi! N ò mọ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ yẹn ní kíláàsì, mo máa ń forí pamọ́. Fàsí, dárí jì mí!"

Ẹkún ni Fàsílátù ń sun, ẹkún tí kò ní ohùn.

Akọ̀wé ṣí fáìlì, ojú rẹ̀ korò. "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló mú un wá fúnra rẹ̀. Ó bu ọwọ́ lùwé níwájú mi pé Fàsílátù ọmọ òun rèé."

Ó yí ìwé náà sí Àwáwù. Àwáwù kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìbuwọ́lùwé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, fún ọdún márùn-ún gbáko, ló ń rí i lórí ìwé èsì Fàsílátù.

"Àtàndá?" ló ní, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. "Àtàndá!"

Ogún ọdún, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Ó pè é lọ́jọ́ náà, kò sì pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n sùn lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé, akọ̀wé kékeré kan láti ilé ẹ̀kọ́ gíga náà àti Sàrátù tẹ̀ lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n dé Ẹdẹ, agbo ilé ti kún. Alùfáà ti jókòó. Àlájì Ráímì wà lórí ẹní nínú agbádá funfun, Kúlúsúmù wọ léèsì, ó ń bá àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, Àtàndá sì ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń béèrè pé ìyàwó dà. Bí Kúlúsúmù ti rí Sàrátù lẹ́yìn Àwáwù, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Sàrátù! Ta ló ní kó o wá sílé?"

Àwáwù kọjú sí Mọ́gàjí, olórí agbo ilé. "Ẹ bá mi bi ìyàwó kékeré yìí, kí lọmọ ẹ̀ ń jẹ́ níléèwé?"

"Sàrátù ni! Kí ló tún máa jẹ́? Aṣebi! Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú! Bí mo bá purọ́, kí Ọlọ́run..."

"Màámi, ẹ má búra mọ́!" Ohùn Sàrátù la gbogbo agbo ilé já. "Ẹ ti búra tó! Mo ti jẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́tà Fàsí ni! Orúkọ Fàsí ni mò ń jẹ́!"

Akọ̀wé na fáìlì sí Mọ́gàjí. Mọ́gàjí wò ó títí, ó gbójú sókè. "Àtàndá, ṣé ọwọ́ rẹ rèé?"

Àtàndá ń wólẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń wólẹ̀ sósì. "Ẹ gbọ́ mi... Kúlúsúmù ló fà á! Ó ní Fàsílátù ní ọpọlọ, ó lè tún un ṣe nígbàkígbà, pé Sàrátù kò ní yege láé..."

"Ọ̀lẹ! Ọ̀dàlẹ̀!" Kúlúsúmù já gèlè orí rẹ̀ sọnù. "Ta ló ń bọ́ ọ? Ta ló yọ ìwé èsì nínú àpótí gbé fún mi? Ìwọ náà kọ́ lo ní kí n yára wá ọkọ fún Fàsílátù, kó má baà máa ṣe ìwádìí kiri? Sọ ọ́ fún wọn!"

Yé! Ẹ wo àwọn tó jọ gbìmọ̀ ìkà bí wọ́n ti ń ya ara wọn jẹ! Àwáwù dúró láàárín wọn, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn di ọwọ́ Fàsílátù mú.

Àlájì Ráímì gbọn agbádá rẹ̀ dìde. "Èmi ò bá wọn dá sí èyí o." Ó yára débi pé bàtà òdì ló wọ̀ jáde.

Mọ́gàjí kò pariwo. "Àtàndá, o ta ọmọ rẹ nítorí oúnjẹ. Láti òní lọ, wọn kò ní fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé yìí mọ́. Ohun tó kù, ó di ọwọ́ ìjọba."

Ọlọ́pàá mú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù Kúlúsúmù kí wọ́n lè rí lẹ́tà náà, páálí mílíìkì ni wọ́n bá títí kan òkè àjà, ọjà tó ti sọ fún aráàlú pé ó ti tán. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn ṣọ́jà ń ṣe fún ẹni tó bá kó ọjà pamọ́ láyé ọjọ́un! Léèsì ọjọ́ yìgì ló wọ̀ dé àtìmọ́lé, ó sì pẹ́ kó tó bọ́ ọ.

Wọ́n kọ́kọ́ tú Àtàndá sílẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ààrò. "Àwáwù, ìyàwó àárọ̀ mi, ojú ló ń tì mí. Ebi ló mú mi ṣe é."

"Ebi pa èmi náà," ni Àwáwù wí. "Fàsílátù ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀. Iṣẹ́ ń bẹ lórí iná fún mi." Ó sì yíjú sí agbada rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga dá àyè Fàsílátù padà fún un. Ìjọba ti ní àwọn kò bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, nítorí náà Àwáwù di gààrí, kúlíkúlí, èlùbọ́ àti ìgò àdín méjì fún un. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọmọ náà di aṣọ rẹ̀ mú.

"Màámi, oṣù mẹ́rin ti lọ lórí mi. Bí n ò bá lè bá wọn ńkọ́?"

"Bi ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Bó bá rẹ̀ ọ́, sùn. Bí ebi bá pa ọ́, kọ̀wé sílé, má tijú. Mísíìsì Afọlábí á bá mi kà á."

Ọkọ̀ fọn fèrè. Àwáwù bá a sáré títí dé ibi tí símẹ́ńtì ibùdókọ̀ tán sí, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó yíjú padà, Sàrátù ló rí lẹ́yìn igi máńgòrò kan, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Wọ́n ti lé e nílé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ wà látìmọ́lé, kò sì sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé.

Àwáwù lọ bá a. Ọkàn rẹ̀ kò tíì rọ̀ tán, n kò ní parọ́ fún yín.

"O ṣẹ̀ mí," ló ní. "O mọ̀ pé o ṣẹ̀ mí."

"Mo mọ̀, mà."

"Mísíìsì Afọlábí ní àyè kan ṣì kù ní kíláàsì karùn-ún. Àwọn ìwé tí Fàsí fi kàwé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nu ojú rẹ, ká máa lọ. Agogo ilé ìwé ti fẹ́ lù."