Iṣu Méjìlélógójì Tí Mo Dá Padà

"Ó pé." Ọ̀rọ̀ tí Jọkẹ́ ọmọ mi fi parí ìpàdé àkọ́kọ́ òun àti Fẹ́rànmí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí èmi Folúkẹ́, ìyá rẹ̀, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdí, mo lè má dé orí.

Jọkẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìsẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n yan aráàlú márùn-ún pé kí wọ́n máa bójú tó iṣẹ́ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìlú, láti Ìkẹ̀rẹ́ títí dé Èmùré. Jọkẹ́ wà lára wọn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ yìí ló ń lé ajínigbé kúrò ní oko wa, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní ìbọn àti àtìmọ́lé, ó yẹ kí ẹnìkan máa yọjú sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà yọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹ̀rẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, Fẹ́rànmí ni wọ́n bá nídìí tábìlì. Òun ló ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú sínú ìwé ńlá kan. Ó ṣí ìwé náà, ènìyàn mẹ́fà. Àwọn yòókù wo ìwé, wọ́n mi orí. Jọkẹ́ ní tirẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn irin àtìmọ́lé, ó ní kí oníkálukú dárúkọ ara rẹ̀. Ó tún jí ẹnìkan tó sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ṣé ẹ kò gba ìwé mi gbọ́ ni?" Fẹ́rànmí bi í.

"Ebi kì í pa ìwé. Ènìyàn ni mo wá wò." Ó kà wọ́n tán. "Ó pé."

Ọmọkùnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di Sátidé, ó gun ọ̀kadà wá sí Ìsẹ̀, ó ní Jọkẹ́ gbàgbé báírò.

"Láti Ìkẹ̀rẹ́? Torí báírò?" Mo wò ó tẹsẹ̀ torí. "Báírò náà mà níyì o."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í, ó sì bọ́ ẹ̀wù, ó bá mi gbé ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ gàrí. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kì í wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má tan yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ kí Jọkẹ́ tó gbà pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ ni Kọmáńdà Akínwándé, ọ̀gá àwọn Ẹ̀ṣọ́ náà. Àbúrò bàbá Fẹ́rànmí ni. Òun ló tọ́ ọ, òun ló rán an nílé ìwé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ní, "Obìnrin tó ń ka èèyàn nínú àtìmọ́lé mi, ṣé yóò tún wá máa ka ẹran nínú ìkòkò mi?"

Jọkẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó lọ bá alága wọn, Bàbá Ọlọ́runtọ́ba, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ní, "Òfin wa kò ka ìfẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹbí rẹ bá gba iṣu ìdána lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, ẹ ti di àna. O kò gbọdọ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ wọn mọ́."

Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ra báyìí, tí Kọmáńdà ń sọ pé rárá. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Dáramọ́lá ṣẹlẹ̀.

Dáramọ́lá ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ní Èmùré. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, òun àti àwọn Ẹ̀ṣọ́ ṣe gbólóhùn asọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé e lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, apá rẹ̀ kan ti kán. Kọmáńdà ní àwọn kò mú un rí. Jọkẹ́ lọ yẹ ìwé ńlá wò, kò bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

"Fẹ́rànmí, ṣé wọ́n mú un wọlé?"

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo mọ̀."

"Wo ojú mi."

Kò wo ojú rẹ̀. Jọkẹ́ sọ èyí fún mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú gàrí tó ń sẹ́.

Ìgbìmọ̀ fi ẹjọ́ náà sí Ọjọ́bọ̀. Ṣé márùn-ún ni wọ́n, àbí? Ọ̀kan ń ṣàìsàn, ọ̀kan ti lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó. Ó ku mẹ́ta, òfin sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dín sí mẹ́ta. Ní ìparí oṣù náà gan-an ni àkókò ìgbìmọ̀ yóò sì tán. Bí ọ̀kan bá dìde lórí àga, ẹjọ́ Dáramọ́lá ti wọmi. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀, kí ẹ rí ìwà òmùgọ̀ tí mo hù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jọkẹ́ wà nílé ìwé. Mọ́tò méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kọmáńdà fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, tòun ti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé wọn. Wọ́n ń já iṣu sílẹ̀. Iṣu méjìlélógójì, gìdìgbà gìdìgbà!

"Ìyá ìyàwó wa," ló wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀. "Mo ṣì í ṣe. Ẹ foríjì mí. A wá tọrọ Jọkẹ́."

Háà! Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti lọ sórí òkè. Ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀ mọ́. N kò rántí ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè Fẹ́rànmí, wọ́n ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kọmáńdà ní, "Màmá, ọmọ Èkìtì kì í rí iṣu kó má gún un. Ẹ gún ọ̀kan ká jọ jẹ ẹ́, kí àna lè múlẹ̀."

Ẹni tó bá ní kí èmi gún iyán, ó ti bá mi sọ̀rọ̀ tán. Mo gún un, mo fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i. Bí a ti ń jẹ, ìyàwó rẹ̀ yọ fóònù, ó ní kí n gbé òkèlè sókè kí òun ya fọ́tò. Mo gbé e sókè. Mo tún rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Nígbà tí Jọkẹ́ dé, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màámi, ta ló gbé iṣu yìí wá?"

"Àna ti dé, Jọkẹ́! Kọmáńdà ti gbà!"

"Ṣé ẹ ti jẹ níbẹ̀?"

"Ẹyọ kan péré."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun taṣọ ilé ìwé. "Màámi, ọ̀túnla ni ẹjọ́. Kì í ṣe ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ. Àga mi ni wọ́n wá gbà."

Ìbínú ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. "Kí wọ́n gbà á lọ! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ dàgbà sọ́wọ́ mi? Ṣé Dáramọ́lá ni yóò fẹ́ ọ?"

Kò pariwo. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé yín lọ́wọ́, Dáramọ́lá tó wá já èrò sílẹ̀ ládùúgbò yìí ló gbé yín sáré lọ ilé ìwòsàn. Kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹnu tó jẹ iyán ńkọ́, Màámi?"

Mo wo àpá tó wà ní ìka mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fẹ́rànmí dé. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ìyá ni mí.

"Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀?" Jọkẹ́ bi í.

"Wọ́n sọ fún mi láàárọ̀."

"O sì dákẹ́."

"Jọkẹ́ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbà, n kò fẹ́ béèrè ìdí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù rẹ."

"Mo fẹ́ràn rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé n kò fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba iṣu yìí, apá Dáramọ́lá ni èmi àti ìwọ yóò máa jẹ títí ayé." "Ṣé wọ́n mú un wọlé àbí wọn kò mú un?"

Ọmọkùnrin náà yí ojú sí ọ̀kadà rẹ̀.

"Máa lọ, Fẹ́rànmí."

Ó fọwọ́ ti ọ̀kadà rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ rántí tan án.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ra iṣu kan dípò èyí tí mo gún, mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ìkẹ̀rẹ́. Lọ́sàn-án gangan ni mo já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Kọmáńdà, tí gbogbo àdúgbò ń wò mí. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ kà á. Ó kà á, méjìlélógójì.

Kọmáńdà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú yín ńkọ́, ṣé ẹ ó pọ̀ ọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́, ọbẹ̀ mi lẹ sì fi jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ iyán ló ń so àna, gbogbo Èkìtì ti fẹ́ra tán!"

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Kọmáńdà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ mi, ó ní kí n ṣọ́ra.

Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn kún. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Kọmáńdà dìde, ó gbé fọ́tò inú fóònù sókè. "Àna mi ni obìnrin yìí. Kò lè gbọ́ ẹjọ́ mi. Ẹ wo ìyá rẹ̀ tòun tòkèlè."

Bàbá Ọlọ́runtọ́ba wò mí. Mo dìde. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. "Òótọ́ ni, mo jẹ ẹ́. Mo sì ti dá gbogbo rẹ̀ padà, ìyàwó rẹ̀ ló kà á. Kò sí ẹnìkan nínú ẹbí bàbá Jọkẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà wo ni obìnrin kan ti ń dá fi ọmọ ọlọ́mọ fọ́kọ nílẹ̀ wa?"

Àwọn àgbà mi orí. Bàbá ní, "Kò sí àna níbẹ̀. Jókòó, Jọkẹ́."

Dáramọ́lá sọ tẹnu rẹ̀. Kọmáńdà ní irọ́ ni, kí wọ́n mú ìwé ńlá wá. Wọ́n pe Fẹ́rànmí. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, kò ṣí i. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò àyà rẹ̀.

Ó kà á sókè. "Dáramọ́lá, ọlọ́kadà, Èmùré. Ó wọlé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe apá rẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ọ̀gá ní kí n má kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Àwọn tí wọ́n ní kí n má kọ, ibí ni mo ń kọ wọ́n sí. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlá."

"Fẹ́rànmí!" Kọmáńdà ké. "Èmi tí mo tọ́ ọ!"

Omi bọ́ lójú ọmọkùnrin náà. "Ẹ tọ́ mi, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ rán mi nílé ìwé tí mo ti mọ̀ ọ́n kọ."

Ìgbìmọ̀ ní kí Kọmáńdà kúrò nípò, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlọ́runtọ́ba ní, "Fẹ́rànmí mọ̀, ó sì dákẹ́ lórí ènìyàn mọ́kànlá. Òun náà ńkọ́?"

Bàbá ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkejì wọn ní kí wọ́n foríjì í. Ó ku Jọkẹ́. Gbogbo ojú yí sí i. Orí mi o! Nínú ọkàn mi mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì í.

Jọkẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Kó fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Fẹ́rànmí wò ó, ojú sí ojú. "Ó tọ́," ló wí. Ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi sórí tábìlì, ó sì jáde.

Àwọn ẹbí rẹ̀ da ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà gan-an. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Jọkẹ́ ń lọ ilé ìwé, ó ń bọ̀, ó rù. Bó bá wà ní balùwẹ̀, á jẹ́ kí omi máa dà kí n má baà gbọ́ ẹkún. Mo ń gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, mo ń yan gàrí lọ́sàn-án kan, mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Méjì ni. Dáramọ́lá ló gun ti iwájú, ó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, apá rẹ̀ ti san ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìkejì tòun tàpò iṣu, oòrùn ti pa á dúdú, n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Fẹ́rànmí ni.

Ìyá Dáramọ́lá kúnlẹ̀. "Màmá, a wá tọrọ ọmọ yín."

"Ta ni ẹbí ọkọ nínú yín?"

Dáramọ́lá dọ̀bálẹ̀. "Àwa ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ láti wá. Ilẹ̀ bàbá mi ló fi dáko, ilé wa ló ń sùn. Ẹ jẹ́ ká dúró fún un."

Ẹkún gbọ̀n mí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n. Mo ránṣẹ́ pe Fọláránmi, àbúrò ọkọ mi, mo sì ní kí iṣu wà níta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí Jọkẹ́ yóò fi dé.

Ó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà á, ó ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́kàndínlógún péré ni, Jọkẹ́ mi," Fẹ́rànmí wí. "Ohun tí ọwọ́ mi gbìn nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò pé."

Jọkẹ́ dìde, ó wò ó tẹsẹ̀ torí.

"Ó pé," ló wí, ẹkún sì bọ́. "Màámi, ẹ gbé omi kaná."

Omi wo? Omi ti ń hó láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìró ọ̀kadà.