Kẹ́ẹ̀gì Omi Lórí Ìjókòó

Òkú náà balẹ̀ sórí ìjókòó ìlà kẹsàn-án, láàárín kẹ́ẹ̀gì omi méjì. Ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì náà bẹ́. Omi ti gbé ẹ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìlà karùn-ún kí ọlọ́pàá tó dé.

Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá gbójú sókè. Lábẹ́ òrùlé pápá ìṣeré ńlá náà ni ọ̀nà tóóró onírin kan wà, níbi tí wọ́n so àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti já bọ́. Bẹ́líìtì ààbò ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ́ rẹ̀ ti ṣí. Kò já, kò sì tẹ̀. Ẹ̀yìn gan-an ni ìkọ́ náà wà, ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè tó o.

Sùúrù ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé kò ní in rárá.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Mo ti mú ẹni tó pa á. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ òrùlé wà. Gbogbo ayé gbọ́ nígbà tí wọ́n ń jà láàárọ̀. Orí òkú ni ẹ̀ṣọ́ ti bá a. Tó bá di aago márùn-ún, màá gbé e lọ."

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni nígbà yẹn. Sùúrù wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga ike níbẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọmọ méjì péré ló bí. Ọ̀kan ti kú, wọ́n sì ní ìkejì ló pa á.

"Àwọn wo ló wà nínú pápá?" ni ó bi ẹ̀ṣọ́.

"Àwọn mẹ́rin péré, Màdáámú. Olóògbé tó ya àwòrán iṣẹ́, àbúrò rẹ̀ tó ń to ẹ̀rọ, ọ̀gá iṣẹ́, àti obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ ìdánwò lòní. Ọ̀la ni àṣekágbá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni èmi wà, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni mo gbọ́ ìró."

Àbúrò náà wà nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Kí lẹ jà lé lórí?"

"Kẹ́ẹ̀gì ni. Bọ̀ọ̀dá mi ní ká gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní apá kékeré méjì tí a fẹ́ dán wò, kó lè dà bí ìgbà tí èèyàn kún ibẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ní kó lọ gbé e fúnra rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn."

"Níbo lo wà nígbà tó já bọ́?"

"Òdìkejì pápá, mò ń to kẹ́ẹ̀gì. Mo gbọ́ ìró, mo sáré wá."

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Nínú àwọn tó ṣì wà láàyè, fóònù tirẹ̀ nìkan ni kò sí nínú àkọsílẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì," ni ọ̀gá ọlọ́pàá dá sí i.

"Mo pa á ni. Ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò kì í jẹ́ kí fóònù wà ní títàn lára òun, kó má baà da ìwọ̀n rú. Bọ̀ọ̀dá mi ò fi ìyẹn ṣeré."

Sùúrù jáde. Ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbàgbọ́ kò tó lójú adájọ́.

Obìnrin inú yàrá kọ̀ǹpútà gbé apá ọ̀tún kọ́rùn, gbogbo rẹ̀ wà nínú báńdéèjì líle. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ẹ lè fura sí mi. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní iṣẹ́ yíyàwòrán yìí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi fún un. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n àkàsọ̀ onírin ọgọ́ta ẹsẹ̀ ló lọ sókè yẹn. Ẹ sọ bí màá ṣe fi ọwọ́ kan gùn ún."

Sùúrù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ni kẹ́ẹ̀gì omi wà fún gan-an?"

"Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, omi sì ń mu nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí pápá bá ṣófo, gbogbo ẹ̀rọ á gbọ́ ara wọn ketekete. Bí èèyàn bá kún un, ohùn wọn á rẹlẹ̀." Ó tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù inú àpò, ara ń mu ohùn tirẹ̀ náà. Ẹ wo tèmi yìí. Bí mo bá mira báyìí, ìlà rẹ̀ á gbọ̀n."

Ìlà náà gbọ̀n lóòótọ́.

Ọ́fíìsì ọ̀gá iṣẹ́ mọ́ tónítóní. Kọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi rọ̀ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kọ "Òrùlé" sára ọ̀kan. Ọkùnrin náà nu ojú.

"Àdánù ńlá ni, Màdáámú. Èèyàn dáadáa ni."

"Níbo lẹ wà láàárín aago méjì sí mẹ́ta?"

"Inú ọ́fíìsì yìí. Mi ò lè jókòó, nítorí ọ̀la. Mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀. Fóònù mi wà nínú àpò mi. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ wò, kò ní purọ́ fún yín."

"Màá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó padà sí yàrá kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà fa àkọsílẹ̀ yọ. Fóònù ọ̀gá iṣẹ́ kò kúrò ní ọ́fíìsì lóòótọ́. Sùúrù tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ẹ fi ti òdìkejì pápá náà hàn mí, láti aago méjì."

Nígbà tó rí i, ó pariwo pé kí wọ́n mú ọ̀gá iṣẹ́ àti àbúrò olóògbé wá kíá. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ wo ìlà yìí," ni ó wí nígbà tí wọ́n pé. "Àwọn ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ìjókòó lódìkejì nìyí. Láti aago méjì ni ohùn wọn ti ń rẹlẹ̀, ìlà ìjókòó kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí pé ẹnìkan ń to omi sórí wọn. Ó dúró lójijì ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Aago yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ìró. Ẹni tó ń to kẹ́ẹ̀gì kò lè wà lókè òrùlé. Olóògbé wà lókè, apá Àǹtí yìí kò gbé kẹ́ẹ̀gì. Ta ló kù?"

"Ọ̀gá iṣẹ́ ńkọ́?" ni ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó ní òun ń rìn lọ rìn bọ̀, fóònù sì wà lápò òun. Fóònù tó wà lára èèyàn tó ń rìn máa ń gbọ̀n. Tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún odindi wákàtí kan. Orí tábìlì ló wà. Ó fi í sílẹ̀ kó lè jẹ́rìí fún un, ó mú kọ́kọ́rọ́ òrùlé kejì lórí ìṣó, ó gòkè lọ."

Ọ̀gá iṣẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Olóògbé ya á sínú àwòrán pé kí ẹ̀rọ kan wà fún àádọ́ta ìjókòó," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo fi ọ̀kan sí igba, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Nígbà tí pápá ṣófo, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì ló tú mi fó. Àwọn ilẹ̀kùn àbájáde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí náà ló ń ṣí wọn. Ó ní bí èrò bá kún, wọn ò ní ṣí, pé òun máa ní kí wọ́n dá ìdíje dúró. Mo sì ti lérí fún gbogbo ayé pé kò sí pápá tó dà bí tèmi. Mo ní kó wá wo ẹ̀rọ kan lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ṣí ìkọ́ náà, mo tì í."

Àbúrò olóògbé fò mọ́ ọn. Ọlọ́pàá méjì ló dì í mú, ariwo ẹkún rẹ̀ sì gba yàrá náà kan. Sùúrù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò. Ó ní kí wọ́n ti pápá náà pa, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ lọ́la.

Ó mú àbúrò náà jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kò gbójú sókè.

"Èwo lẹ mú bọ̀ wá fún mi nínú wọn?"

"Àbúrò ni, Mà. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá fọwọ́ pa á lórí títí.

"Wọ́n ní ẹ jà. Kí lẹ jà lé?"

"Omi ni, Ìyá mi. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé ó wúwo jù."

Ìyá mú ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà. Ojú ibi tí etí kẹ́ẹ̀gì ti gé e ṣì pupa.