Gìtá Tí Kì Í Sùn Níta

Nígbà tí Àrá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà wọlé, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé gìtá béèsì kan lé itan, ó fi àgbọ̀n ti ìwo rẹ̀, igi tó yọ ṣóńṣó lókè ara gìtá, ó dijú pátápátá, ìka kan ṣoṣo ló ń mira lórí okùn. Gìtá náà kò sí lára iná rárá, síbẹ̀ ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé e léjìká. Àrá, ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, dúró.

"Ṣé ó ti parí ẹjọ́ tó ń rò fún yín?" ó bi í nígbà tó pẹ́.

Ọkùnrin náà lajú. "Ó kù díẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe pàdé. Etí Ológbò ni gbogbo olórin àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé kò sí ìró tó kéré jù fún un. Àrá náà kì í ṣe orúkọ inú ìwé. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré nítorí ẹnu rẹ̀, ẹnu ọ̀hún kò sì tíì sinmi láti ìgbà náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ọkọ̀ wíwà ló ń ṣe, àwọn tó ń kọ́ sì máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ ń dá ọkọ̀ dúró ju bíréèkì lọ. Ó ti fi ẹnu yẹn lé onílé kúrò lẹ́nu ọ̀nà rí. Àwọn ọkùnrin tó ti wá sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, ìlàjì wọn ni kò rántí dágbére.

Ó sọ àpò tó gbé kọ́ ẹ̀yìn kalẹ̀, ó sì yọ gìtá béèsì bàbá rẹ̀ jáde. Gìtá àgbà ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí níbi tí apá bàbá máa ń sinmi lé. Ó ní ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, òun kò sì lè fara dà á mọ́.

Etí Ológbò ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tan sípíkà, kíkùn náà sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Àrá fọwọ́ kan okùn. Kò dákẹ́. Ó ní kó wá fọwọ́ kan irin ihò tí wáyà wọ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló pa rọ́rọ́.

"Kì í ṣe àìsàn ńlá," ó ní. "Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ irin ìdí, níbi tí okùn so mọ́. Òun ló máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yín pa ariwo. Ó ti já. Gìtá yìí kò mọ̀ mọ́ pé ẹ̀ ń fọwọ́ kan òun."

"Ṣé gbogbo oníbàárà lẹ máa ń kéwì fún?"

"Àwọn tí wáyà wọn bá já nìkan."

Ó tú irin ìdí, ó fi òjé jó wáyà náà padà, ariwo sì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé gìtá sókè wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí, ó mi orí. Ọrùn ti tẹ̀. Ó ní kí Àrá fi sílẹ̀ fún òun fún ọjọ́ díẹ̀.

Àrá di àpò mú. Òfin ilé wọn ni pé gìtá yìí kì í sùn níta. Ní gbogbo ọdún tí bàbá rẹ̀ fi ṣeré kiri, kò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí ọ̀nà bá jìn, òun àti gìtá á jọ sùn sínú yàrá kan, á ní ibi tí gìtá bá ti wà pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ ti òun kì í ṣe ìta.

Etí Ológbò kò bá a jiyàn. Ó ní kó máa gbé e wá, kó sì máa gbé e lọ. Irin kan wà nínú ọrùn náà tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ yí díẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kí igi sinmi di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tún yí i. Bí Àrá ti ń jáde lọ ló rí ògiri. Gìtá wà lórí ìkọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, àfi ìkọ́ kan tó ṣófo láàárín, bẹ́ẹ̀ ni gìtá méjì fara ti ògiri nílẹ̀. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò tíì rí èyí tó yẹ ibẹ̀.

Àrá wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò sì yéé wá. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọrí sí. Etí Ológbò á fi kọ́kọ́rọ́ sí ọrùn gìtá, wọn á sì jókòó, wọn á máa tahùn síra wọn. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan gìtá béèsì. Ó ní kéèyàn má wo àwọ̀, kó má sì kánjú fi iná sí i, torí sípíkà lè bá gìtá purọ́. Kéèyàn jókòó tì í, kó fi àgbọ̀n ti ìwo rẹ̀, kó ta okùn tó nípọn jù, kó wá mọ̀ bóyá ìró rẹ̀ dé eyín òun.

Àrá fi àgbọ̀n ti gìtá bàbá rẹ̀, ó ta á. Ìró náà gba eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Nígbà tó lajú, ọkùnrin náà kò wo gìtá.

"Kí lẹ gbọ́?" ó bi í.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wò mí."

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Etí Ológbò kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọrùn gìtá yìí ti tọ́ láti ọjọ́ kẹta," ó ní.

"Mo mọ̀. Mo máa ń wò ó láti ìdí kí n tó gbé e wá."

"O mọ̀, o sì ń bọ̀?"

"Ìwọ náà mọ̀, o sì ń fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ náà ni Àrá lọ sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá sì ní kí ọmọkùnrin náà wá kí òun.

Kó tó wá kí wọn ni ọ̀rọ̀ okùn dé. Ẹgbẹ́ olórin kan gba Àrá síṣẹ́. Ọ̀gá wọn, ẹni tí gbogbo ohun tó ń lò kò tíì pé oṣù mẹ́fà, gbọ́ gìtá náà, ó ní ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ kúbùsù. Okùn àtijọ́ tí ara rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́ ni bàbá fi sí i, láti ìgbà tí Àrá ti gbọ́njú ni kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Inú bí Àrá. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ní kí Etí Ológbò yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọkùnrin náà ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní okùn tuntun máa ń pariwo ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, gìtá ọlọ́rùn kúkúrú kan wà nílẹ̀ tó máa bá ìka rẹ̀ mu. Kó jẹ́ kí ti bàbá wà bó ṣe wà. Àrá ní òun kò wá síléèwé.

"Ṣé o ti bi Bàbá?"

"Ìwọ ni mo bi."

Etí Ológbò gbé gìtá náà lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yí èèkàn orí gìtá, ó tú okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ó sì kó wọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Tuntun tó fi sí i ń kọ mànà.

Ìka bàbá Àrá ti le, kò lè tẹ okùn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ọmọ rẹ̀ á sì ta gìtá fún un. Ohùn yẹn ni ìyá Àrá fi máa ń sùn nígbà tó wà láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àrá kàn ta ohùn kan ni bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló yọ okùn mi?"

Àrá fọwọ́ bo okùn tuntun náà. Ó wo ilẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn ni, àbí?"

Àrá kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá dìde. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wá kí òun mọ́ o. Bí ọmọkùnrin náà kò bá lè fi gìtá lásán sílẹ̀ bó ṣe bá a, òun kò lè fa ọmọ òun lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá fúnra rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tó padà délé, òun àti Àrá jọ ń jẹun. Ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ tó le sí ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé kò jiyàn. Ọmọkùnrin náà ní ọwọ́ òun ló yọ ọ́, kí bàbá má bínú. Ó ní ẹ̀bẹ̀ náà ṣáá ló ń bẹ̀.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Àrá.

"Bàbá, èmi ni. Ó ní kí n má ṣe é. Ó ní kí n bi yín. Mo fi ariwo mú un ṣe é, mo sì fi dídákẹ́ gbé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

"Ìyá rẹ kì í dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀," ó ní. "Èmi lo fi ìyẹn jọ. Gbé gìtá. Wọ bàtà rẹ."

Nígbà tí wọ́n wọlé, Etí Ológbò fò dìde. Àrá wo ògiri. Ìkọ́ tó ṣófo kò ṣófo mọ́. Okùn àtijọ́ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, ọkùnrin náà ti ká wọn rogodo, ó fi òwú funfun di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá sún mọ́ ọn, ó mú ọ̀kan, ó tú òwú rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ọ dé òpin rẹ̀.

"O ò gé wọn."

"Rárá, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè wọn lọ́jọ́ kan."

"Mo bú ọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Kí ló dé tí o ò kó wọn hàn mí?"

"Ẹ máa bi mí ìdí tí mo fi yọ ohun tí mo mọyì tó báyìí, Bàbá. Mi ò fẹ́ dáhùn ìyẹn."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Àrá kọjú sí Etí Ológbò. "Má bínú," ó ní.

"Tún un sọ, mi ò gbọ́ dáadáa."

"Wọ́n tún ń pè ọ́ ní Etí Ológbò." Ṣùgbọ́n ó tún un sọ.

Ọkùnrin náà so okùn padà lójú wọn. Okùn tí wọ́n bá ti tú rí lè já bí wọ́n bá tún fà á, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó nípọn jù wọlé láìsí wàhálà. Nígbà tó kan èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó han kí-ín, kò sẹ́ni tó mí. Kò já. Àrá gbé gìtá lé itan, ó ta á. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àgbọ̀n ti ìwo rẹ̀, ó sì dijú. Ojú rẹ̀ tú ká bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Òun nìyẹn," ó ní. "Òun gan-an nìyẹn."

Ó gba gìtá náà, ó wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí. "Ọrùn yìí tọ́. Ìgbà wo ló ti tọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Bàbá," ni Etí Ológbò wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá. Ó lọ sídìí ògiri, ó fi ìka rẹ̀ tó le gbé gìtá náà kọ́ sórí ìkọ́ àárín.

"Bàbá, kì í sùn níta," ni Àrá sọ.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìta nibí?" Ó wo ọkùnrin tó la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àbí kò yé ọ?"

"Ó yé mi, Bàbá. Ẹ ṣé, Bàbá."

"Gìtá kàn lọ ṣáájú ni o. Ìwọ Àrá, ilé là ń lọ. Ẹ jọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó tó bá wù yín, kí ẹ wá sọ fún mi." Ó jáde lọ dúró síta.

Etí Ológbò gbé ọlọ́rùn kúkúrú lé Àrá lọ́wọ́, kó má baà padà sílé lásán. Àrá fi àgbọ̀n tì í, ó ta á. Ó dé eyín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé kí n ra ìkọ́ kan sí i?"

"Rà á," ni Àrá dáhùn. "Kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá, kí wọ́n lè máa gbóhùn ara wọn."

"Mo ń gbọ́ o," ni bàbá sọ láti ìta. "Kàn án dáadáa."