Ìwé Àṣẹ Tí Wọn Kò Kà

Ọjọ́ tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Kóòdù, àwọn èèyàn inú fíìmù tó gbé wá ń la ẹnu lásán ni, ohùn kankan kò jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wọ̀nyí ti yadi," ló wí, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Wọn ò yadi. Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n lẹ́nu mọ́," ni Ọ̀gá Kóòdù dáhùn, obìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ohùn ti jáde. Ètò tó ń gbé fíìmù jáde lórí kọ̀ǹpútà ni obìnrin yìí kọ, òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ pín in fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tí wọ́n fi kọ ọ́, sílẹ̀ ní gbangba, kò sì gbọdọ̀ so ohun tí wọ́n fi kóòdù rẹ̀ pamọ́ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé èyí fún Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ń mi orí, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ló ń wò. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, "ọkàn mi" ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ló ba nǹkan jẹ́. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, òun náà ló ni ilé iṣẹ́ tí Ẹnjiníà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpótí fíìmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó bá sọ, abẹ gé ni.

"Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, tó wá ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́? Orí rẹ̀ pé ṣá? Mi ò fẹ́ ẹ nínú ìdílé wa."

Ẹnjiníà kò jiyàn. Ìlà mẹ́rin ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù: kó má bínú, ẹ̀gbọ́n òun kò gbà. Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Nígbà tó ṣe, ìbànújẹ́ náà di ìbínú.

"Ó dáa," ló wí. "Ọjọ́ ń bọ̀."

Ọjọ́ náà dé. Obìnrin náà ra àpótí fíìmù tuntun tí ilé iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ń polówó káàkiri, ó tú u wò. Ètò tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti so irinṣẹ́ kan mọ́ ọn tó ń tú fíìmù tí wọ́n fún pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ni irinṣẹ́ náà. Òfin fún un lẹ́tọ̀ọ́ lórí ọgbọ́n inú rẹ̀, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi kóòdù rẹ̀ han ayé. Ìwé àṣẹ obìnrin náà ní kí wọ́n ṣí kóòdù, ilé iṣẹ́ ńlá ní kí wọ́n tì í. Kò sí bí méjèèjì ṣe lè jọ wà nínú àpótí tí wọ́n ń tà.

Inú obìnrin náà dùn. Ó ti pẹ́ tí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dé bá a gbẹ̀yìn. Lójú ẹsẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n dá ọjà dúró.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni lọ́yà Ẹ̀gbọ́n rí: kí gbogbo àwọn tó kọ ètò náà fi gbólóhùn kan kún ìwé àṣẹ wọn, pé àwọn gbà kí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá a rìn. Àwọn mọ́kànlá buwọ́ lù ú. Ó ku Ọ̀gá Kóòdù. Wọ́n bá rán Ẹnjiníà sí i.

"Ọkàn mi..."

"Ọkàn ta ni? Ta ló so irinṣẹ́ yẹn mọ́ iṣẹ́ mi?"

"Èmi ni."

"O ka ìwé àṣẹ rẹ̀?"

"Ta ló ń kà á? Mo kàn tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Mo gbà' sí ni."

"Lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Kí ó mú màmá yín dání."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rín ni Ẹ̀gbọ́n rín wọlé. "Ìyàwó wa!"

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Ìjà ò sí. Ṣáà buwọ́ lùwé yìí, kí ẹ̀yin méjèèjì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ti gbà."

Obìnrin náà wo Ẹnjiníà. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Bí Ẹnjiníà bá lè sọ pé kí wọ́n má fi ìgbéyàwó àwọn ra ìbuwọ́lùwé, obìnrin náà yóò dárí jì í. Bàtà ara rẹ̀ ni Ẹnjiníà ń wò.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Ẹ kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé àṣẹ náà sókè. Kò sẹ́ni tó kà á rí ní ilé iṣẹ́ yín."

Ojú ewé mẹ́rìnlá ni. Ẹ̀gbọ́n wo Màmá, ó wo obìnrin náà, ó fi awò sójú. Nígbà tó fi dé ojú ewé kẹfà, òógùn ti bò ó.

"Ṣé o ò ka èyí kí o tó máa tajà?" ni Màmá bi í.

"Màmá, ẹ jẹ́ n kà á."

"Máa kà á lọ, ọmọ mi. Ó yé èmi."

Ó dé gbólóhùn tuntun tó wà nísàlẹ̀, ó dúró. "'Ẹnikẹ́ni tó bá ń pín ètò yìí...' Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Orúkọ ilé iṣẹ́ wa dà?"

"Àyè tí a bá fún ẹnì kan, gbogbo ayé la fún. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ní ojú ewé kejì ni, sà. Àwọn tó ń bá yín díje ti ń múra láti lo àyè yìí fún àpótí tiwọn. Èmi ni mo pè wọ́n láàárọ̀."

Ó buwọ́ lù ú níṣojú wọn, ó tì í sí Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. "Ìwé yín nìyí. Ẹ máa mú àbúrò yín lọ."

Ẹ̀gbọ́n bínú jáde, Màmá tẹ̀lé e. Ẹnjiníà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkàn mi, ó ti ń wù mí kí n sọ pé kí o má buwọ́ lù ú."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó síbí?"

Kí Ẹnjiníà tó lanu, Ẹ̀gbọ́n tẹ fèrè mọ́tò nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹnjiníà sáré sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin náà ti gbẹ̀san, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga tí Màmá fi sílẹ̀, ó sì sunkún.