Ohun Tí Ṣèyítán Kò Fi Han Ajá Rẹ̀

"Dúró! Tanímọ̀la, dúró!"

Ajá náà kò dúró. Okùn ọrùn rẹ̀ le tantan, ó sì ń wọ́ Ṣèyítán lọ sí etí títì ńlá níbi tí àwọn tírélà ti ń já bọ̀ láti àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ṣèyítán fi gìgísẹ̀ méjèèjì tẹ koríko, ó fa okùn náà mọ́ra. Tírélà kan kọjá pẹ̀lú ariwo, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá a lójú. Ìgbà náà ni ajá náà tó dúró.

Ọ̀kẹ́rẹ́ lásán ni ajá náà rí.

Tanímọ̀la kò tíì pé ọdún kan. Nígbà tí ó kéré, bí wọ́n bá pè é, á wá. Bí wọ́n bá ní kó jókòó, á jókòó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí i létí. Ó ń fò mọ́ ènìyàn, ó ń lé kẹ̀kẹ́, ó ń gbó mọ́ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Àwọn ará àdúgbò wọn ní Ellenwood, nílẹ̀ òyìnbó, kò lè pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Tony. Ìyá Ṣèyítán ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára nígbà tí ó lọ mú ajá náà wá láti ibi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí kò ní olúwa sí. Ó ní òun kò fẹ́ kí ilé dákẹ́ jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó kú.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, kì í fọwọ́ kan ajá náà. Ó máa ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí ẹni tó pè é ti jáde lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá náà ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màmá Dára pè mí," ni ó wí.

Ṣèyítán gbé ṣíbí sílẹ̀. Àgbà ìjọ wọn ni Màmá Dára. Òun ló ń jókòó ti ìyá Ṣèyítán ní ọsibítù títí tí ó fi dákẹ́. Láti ìgbà náà, ó máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún wọn ní gbogbo Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí i ní orúnkún. Ní Sátidé tó kọjá, Tanímọ̀la fo ẹsẹ̀ méjèèjì lé e láyà. Ògiri ló gbà á dúró.

"Ó ní òun yóò máa gbé ọbẹ̀ náà sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa jáde wá gbé e. Ẹni tó jókòó ti ìyá rẹ kò lè wọ ilé mi mọ́ nítorí ajá?"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ́ ọ."

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i, sà."

Bàbá náà wo ajá tó ń sùn lábẹ́ tábìlì. "Mo fún ọ di òpin oṣù tó ń bọ̀. Màmá Dára yóò wá ní Sátidé ìparí oṣù náà, ìwọ àti ajá rẹ yóò sì pàdé rẹ̀ níta. Bí ó bá fò mọ́ ọn, èmi fúnra mi ni yóò dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un wá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ṣèyítán mọ̀ pé wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ pa ajá ńlá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ níbẹ̀ bí ó bá pẹ́. Ó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Miss Bridget, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní òpin àdúgbò náà, tó ti ń sin ajá láti ọjọ́ pípẹ́. Miss Bridget fún un ní ẹran adìyẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú àpò.

"Bí okùn bá le, dúró bí igi. Má fà á, má pariwo," ni ó wí. "Bí okùn bá dẹ̀, fún un ní ẹran, kí ẹ máa lọ. Bí ó bá sì já mọ́ ọ lọ́wọ́, má lé e láé. Eré ni yóò pè é. Kọ ẹ̀yìn sí i, kí o jókòó sílẹ̀."

Iṣẹ́ náà súni gan-an. Ní àkọ́kọ́, wọn kì í rìn kọjá ilé mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Tanímọ̀la kọ́ láti kọjá lára agolo ìdọ̀tí láìfi imú kàn án. Ó kọ́ láti wo kẹ̀kẹ́ kó sì jókòó. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kọjá, ó kàn ju etí lásán ni. Síbẹ̀, ẹ̀rù kò kúrò lára Ṣèyítán.

Ní ọjọ́ kan, Miss Bridget bi í léèrè pé, "Ta lo fẹ́ pàdé ní Sátidé náà?"

"Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, Ma."

"Báwo lẹ ṣe ń kí àgbà nílé yín? Ohunkóhun tí o bá máa ṣe lọ́jọ́ náà, ajá gbọ́dọ̀ ti rí i tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò rí rí ló ń kó o sí wàhálà."

Ṣèyítán fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè. Seth, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì, ti gun kẹ̀kẹ́ dé, ó sì dúró ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, Seth rí i níbi tó ti dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà kan níwájú ilé wọn. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti sú u nínú bọ́ọ̀sì.

"Ṣèyí, push-up mélòó lo ṣe lónìí?" ni Seth máa ń wí, bí ẹni pé eré ìdárayá tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹlẹ̀ ṣe ni ìdọ̀bálẹ̀, àwọn yòókù á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀ láàárín àga, ó ń pariwo pé, "Olúwa mi! Olúwa mi! Ẹ má bínú!"

Ṣèyítán wo Seth. Ó wo Miss Bridget.

"A kàn máa ń juwọ́ sí wọn ni," ni ó wí.

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Miss Bridget ń rìn bọ̀, Ṣèyítán ń juwọ́ sí i, Tanímọ̀la ń jókòó. Wọ́n ṣe é títí ajá náà fi mọ̀ ọ́n dunjú. Inú Ṣèyítán kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe nǹkan ńlá.

Sátidé náà dé. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran dúró níwájú ilé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ Màmá Dára dúró, ìyá náà sì fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ṣèyí, ọmọ mi, ṣé kò ní gé mi jẹ báyìí?"

"Rárá, Ma. Ó ti gbọ́n."

"Ó ti gbọ́n! Kó má ṣáà gbọ́n jù mí lọ."

Ṣèyítán mú ajá náà rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Okùn náà dẹ̀ bí ìfun adìyẹ. Agolo ìdọ̀tí, wọ́n kọjá. Ọmọdé kan lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n kọjá. Nígbà tí wọ́n dé iwájú Màmá Dára, Tanímọ̀la jókòó fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran mi orí díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ń retí.

Ṣèyítán kò tíì kí Màmá Dára lórí ìdúró rí láyé rẹ̀. Kó tó ronú rárá, ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, àyà rẹ̀ ti kan koríko.

"Ẹ káàsán, Ma."

Okùn náà ti bọ́. Tanímọ̀la wo ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀. Òun náà fi àyà balẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fò. Ó gba orí ẹ̀yìn Ṣèyítán kọjá, ó sì bá Màmá Dára láyà. Ọ̀pá lọ sọ́tùn-ún, ìyá náà lọ sósì.

"Jésù! Jésù ò!"

Igbe náà dẹ́rù ba ajá náà. Ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, ó sì sá. Ọ̀nà títì ńlá ló dojú kọ, okùn ń wọ́ tẹ̀lé e.

"Tanímọ̀la!"

Ṣèyítán sá tẹ̀lé e. Bí ó ti ń sáré ni ajá náà ń sáré sí i. Ó rí i tí ó dé etí títì. Ó gbọ́ fèrè tírélà, fèrè gígùn tí kò dáwọ́ dúró. Ajá náà yí padà, ó rí i pé Ṣèyítán ṣì ń bọ̀, ó sì tún kọjú sí títì.

Nígbà náà ni ọmọ náà rántí pé wọn kì í lé e. Gbogbo ara rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Ó jókòó sínú koríko, ó fi orí sáàárín orúnkún.

Kò lè rí ohunkóhun mọ́. Ó ń gbọ́ ni. Ọkọ̀ kan kọjá. Òmíràn. Táyà kan han lórí ọ̀dà, ó sì fi eyín di ètè rẹ̀ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ń retí ìró kan, ìró tí yóò mọ̀ bó bá ti gbọ́ ọ. Màmá rẹ̀ ló mú ajá yìí wá. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tí ó ṣì ń mí nínú ohun tí màmá rẹ̀ fi sílẹ̀ nìyí, yàtọ̀ sí òun. Kò yíjú.

Imú tútù kan kàn án lẹ́yìn ọrùn.

Kò tètè já okùn náà gbà. Ó na ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó mú un, ó sì wé e mọ́ ọrùn ọwọ́. Ajá náà ń gbọ̀n. Ó gbá a mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n padà délé, bàbá rẹ̀ ti gbé Màmá Dára lọ rí dókítà. Ṣèyítán jókòó nínú gáréèjì pẹ̀lú Tanímọ̀la, ó ń retí ìró ọkọ̀. Ìdúró náà burú ju ti etí títì lọ.

Bàbá rẹ̀ wọlé, ó dúró.

"Egungun ọwọ́ rẹ̀ ti sán. Wọ́n ti dì í." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mú ajá náà wọ ọkọ̀."

"Daddy, ẹ gbọ́ mi ná. Kì í ṣe ẹjọ́ ajá. Èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀: Seth, bọ́ọ̀sì, push-up, irọ́ tó pa fún Miss Bridget. "Ojú ló ń tì mí, sà. N kò fi han Tanímọ̀la rí."

"Ìyá rẹ ló kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀," ni bàbá náà wí. "O ò tíì lè rìn dáadáa nígbà náà. O máa ń ṣubú lé imú." Ó kọjú sí ògiri, ó ń tún ìgbálẹ̀ kan tí kò wọ́ gbé nàró. "Ohun tí ó kọ́ ọ ló ń tì ọ́ lójú."

Ṣèyítán fọwọ́ lé ajá náà lórí.

"Màmá Dára bẹ̀ mí nínú ọkọ̀ pé kí n má lé ajá náà. Ṣùgbọ́n kò ní sùn níbí. Mú un wá."

Ọ̀dọ̀ Miss Bridget ni wọ́n mú un lọ. Ṣèyítán tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú rẹ̀. Ìyá àgbà náà kò bínú. Ó nawọ́ sí àgbàlá rẹ̀, níbi tí Tanímọ̀la ti ń fi àyà balẹ̀ níwájú ajá rẹ̀ tó ti darúgbó, ìdí sókè.

"Bí ajá ṣe ń sọ pé 'wá ká ṣeré' nìyẹn," ni ó wí. "O wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó rò pé o ń pe òun ni, ó sì dá ọ lóhùn. Ká ní o sọ fún mi ni, à bá ti fi kọ́ ajá náà."

Ó gbà láti tọ́jú ajá náà fún ìgbà díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo nílò àgbà tí ọmọ yìí yóò máa kí," ni ó wí, ó sì wo Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran.

Báyìí ni bàbá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ṣèyítán yóò tẹ̀ díẹ̀, ajá á jókòó, á gba ẹran. Yóò tẹ̀ sí i. Yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó pẹ́ kí àyà rẹ̀ tó kan koríko kí Tanímọ̀la má mira.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà."

"Pẹ̀lẹ́. Dìde."

Láti ìgbà tí ìyá ti kú, wọn kì í sábà kí ara wọn nínú ilé náà. Báyìí, wọ́n ń kí ara wọn bí ìgbà ogún lójúmọ́.

Seth gun kẹ̀kẹ́ dé lọ́jọ́ kan. "Ha, push-up ti dé ìta!"

Ojú ti Ṣèyítán, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀. "Bí a ṣe ń kí àgbà nìyí," ni ó wí láti ilẹ̀. "Bàbá mi nìyẹn. Ìwọ náà kí wọn."

Seth wo Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran wò ó padà. "Ẹ… ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ni Seth wí bó ti gbọ́ ọ, ó sì tẹ orí ba. Kò béèrè push-up mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Màmá Dára tún wá, báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣèyítán lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tanímọ̀la wò ó. Ìrù rẹ̀ gbá ilẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni pé òtútù mú un, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

"O káre, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ," ni Màmá Dára wí. "Ìwọ náà, ajá, o ṣeun."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀kọ́ ilé pamọ́ nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́, tó sì fi irọ́ bò ó, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Màmá Dára fi ọwọ́ rẹ̀ san ìjìyà irọ́ Ṣèyítán, ẹranko tí kò mọ nǹkan kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí san án.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran ṣí ilẹ̀kùn ilé. Ó jẹ́ kí Màmá Dára kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ wo ajá náà, ó gba okùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì wí pé, "Wọlé, Tanímọ̀la."