Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Létí Kànga

Mẹ́sàn-án ni ipasẹ̀ náà, ó pupa bí osùn, láti etí kànga dé ẹnu ọ̀nà yàrá Sherifat. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ gbogbo wọn, bí ẹni pé ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ń fò lọ. Sherifat ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó rí i, ó figbe ta, ó sáré, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Láàárín oṣù kan, ayálégbé márùn-ún ti kó kúrò nílé Màmá Moróunkẹ́ ní Kabala Costain, ní Kaduna. Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyá arúgbó náà ló ń bọ nǹkan nínú kànga. Nípàdé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin méjì gbé àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga yẹn kó tó kú. Iṣẹ́ ọwọ́ òkú wá di ojúbọ àjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń jó o nínú bí ẹyín iná.

Wọn ò tíì gbé Sherifat dé ọsibítù tí Adédàpọ̀ fi dé. Òun ni dìlálì, alágbàtà ilé, tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì.

"Màmá, mo ti sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ta ilé yìí kí iwin yìí tó pa yín. Ẹ tẹ̀ka lọ́jọ́ Sátidé, ó parí."

 Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ipasẹ̀. Àtàǹpàkò wà lápá òsì, ọmọ ìka kékeré wà lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. 

Hikmah, olùkọ́ tó ń gbé yàrá kejì, máa ń kọ èrò rẹ̀ nípa ìwé ìtàn sínú ìwé ìròyìn kan ní gbogbo Wẹ́sidé. Ìwé ìtàn iwin, ti òkú tó ń rìn, ti àwọn tó fọkọ̀ lọ sáàárín ìràwọ̀, òun ló ń sọ èyí tó dùn àti èyí tí ò níláárí. Kó tó kọ ohunkóhun, ó máa ka ìwé náà sí Màmá létí ní fàráńdà, á máa yí i sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Màmá ò lè kà ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ etí rẹ̀ kì í jáde. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìwé obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń gbé inú kànga ni wọ́n kà. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, tí Hikmah ka ohun tó kọ, Màmá dá a dúró.

"Ẹsẹ̀ òsì lo kà fún mi. O kọ ọ̀tún síbẹ̀."

Hikmah rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ló máa mọ̀?"

Nísinsìnyí Màmá fà á lọ́wọ́ síbi ipasẹ̀. "Wò ó. Iwin yìí ò ka ìwé. Ìwé ìròyìn ló kà."

Lọ́sàn-án, ó lọ bá Adédàpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì rẹ̀, òkìtì.

"Dàpọ̀, ìwé obìnrin inú kànga, ìwọ náà kà á?"

"Mo kà á tán, Màmá. Ìwé gidi ni."

"Ẹsẹ̀ wo ló ní?"

"Ọ̀tún."

"Ojú ara rẹ lo fi rí i?"

"Wallahi, ojú mi méjèèjì."

"O ṣé. Ti Sátidé yẹn, mi ò tíì mọ̀ bóyá màá tẹ̀ka. Iwin tí ò tíì fọwọ́ kan nǹkan mi, ìjà wa ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ojú Adédàpọ̀ le.

Nígbà tí Màmá délé tó sọ ọ́ fún Hikmah, Hikmah ní kí àwọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Kí ni wọ́n á tìtorí ẹ̀ mú un? Pé ó ka ìwé ìròyìn? Rárá. Mo fẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Mo sì fẹ́ kí àwọn tó pè mí lájẹ̀ẹ́ jókòó wò ó. Mú gègé. Ìwé kejì ti jáde."

"Ìwé kejì wo? Kò sí ìwé kejì, Ìyá."

"Ó ti wà báyìí."

Hikmah fi gègé sílẹ̀. "Àwọn tó ń kà mí gbà mí gbọ́. Bí ọ̀gá mi bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

"Sherifat náà gba ilẹ̀ tó ń tẹ̀ gbọ́."

Hikmah mú gègé padà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, gbogbo Kaduna kà á: nínú ìwé kejì, lákòókò tí àwọn ọkùnrin bá lọ kírun Jímọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kan á jáde lójú ọ̀sán, á mú ìró onílé lórí okùn, á so ó mọ́ òpó kànga. Onílé tó bá rí i tí ò kó jáde, ikú ni.

Láàárọ̀ Fráídè, Màmá sá ìró rẹ̀ sórí okùn. Ó fi ọ̀dà dúdú tútù ra òpó kànga láti òkè délẹ̀. Yàrá Sherifat kún: Sherifat fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì ọsibítù, odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ odó lórí itan, Sájẹ́ǹtì Japhet láti àgọ́ ọlọ́pàá, àti àwọn obìnrin méjì tó gbé àga nípàdé. Màmá ló lọ pè wọ́n wá.

Ìpè ìrun dún. Ilé dákẹ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dún gììrì, Adédàpọ̀ sì wọlé pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì. Ó yọ agolo omi osùn, ó yọ ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi igi gbẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fà sẹ́yìn. Ó ká ìró, ó dé ìdí òpó, ó di òpó mú.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wúkọ́.

Adédàpọ̀ ju ìró sílẹ̀, ó fò mọ́ ògiri. Ọ̀dà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jábọ́. Ó tún dìde, ó yà bàrá sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Moróunkẹ́ ló bá níbẹ̀, ó nà tàntàn dí ọ̀nà.

"Pa mí kọjá, Dàpọ̀. Ikú lo ní kí n máa retí."

Ọkùnrin náà ṣe tìkọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló pa á. "Tsaya! Dúró!" Japhet ti gbá a mú lẹ́yìn.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

Sherifat tiro jáde, ó gbé ọmọ odó sókè. "Ẹ bi í léèkan sí i, sà. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan rìn ní tòótọ́."

"Ẹnì kan ní àdúgbò Mando ló fẹ́ ilẹ̀ náà. Ilé epo ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ó ní kí n ṣáà ti lé wọn jáde."

"Ta ló ní àjẹ́ ni mí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kọjú sí àwọn obìnrin yìí kí o tún un sọ."

Ó tún un sọ. Àwọn obìnrin méjèèjì kúnlẹ̀. Màmá ò tètè ní kí wọ́n dìde.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ayálégbé mẹ́ta ti padà dé. Wọ́n mú ará Mando náà. Ní Wẹ́sidé, Hikmah jẹ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn pé kò sí ìwé kejì, ó sì tọrọ àforíjì. Ọ̀gá rẹ̀ bú u títí, kò lé e.

Màmá gba ìwé obìnrin inú kànga lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó tì í gba àárín irin sí Adédàpọ̀.

"Ìwọ tó o ní o kà á tán. Ààyè ti gbà ọ́ báyìí. Ẹsẹ̀ òsì ni."