Ọkọ Tó Gbé Ẹrù Rẹ̀ Wá

Ìjà ni Moufidatou àti Anwar fi mọ ara wọn. Moufidatou kó kajú tó rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé Bessé wá sí ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará India ṣí sí ẹ̀yìn ìlú Savè. Kàkà kí Anwar, ọ̀gá ibẹ̀, ná ọjà, ìbéèrè ló ń bi í.

"Ta ni ìyá yín? Ilé wọn dà?"

"Mùsé, kajú ni mo gbé wá, mi ò gbé ìyá mi wá."

Àwọn obìnrin tó ń fọ́ kajú bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Moufidatou, ó ní kí wọ́n kó àwọn àpò òun padà sínú ọkọ̀. Ọkùnrin gíga náà sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ má bínú. Nílùú wa, ilé ìyá ẹni la fi ń mọ ẹni tí à ń bá ṣòwò."

Ó wá ṣàlàyé. Etíkun Kerala, ní gúúsù India, ni wọ́n ti bí i. Láyé àtijọ́, àwọn Lárúbáwá a máa wa ọkọ̀ ojú omi wá ra ata níbẹ̀. Wọ́n á fẹ́ ọmọ ibẹ̀, atẹ́gùn á yí, wọ́n á ṣíkọ̀ lọ. Obìnrin ló ń dúró. Bí ilé ṣe di ti obìnrin nìyẹn ní àdúgbò tiwọn: ìyá á fi sílẹ̀ fún ọmọbìnrin, ọkọ á kó wá bá ìyàwó. Orúkọ ilé ìyá Anwar ni àwọn oníṣòwò fi ń fọkàn tán àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń tajà.

"Ọkọ ló ń kó wá?" Moufidatou pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ọkùnrin ibẹ̀ mà ń jayé o!"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Ìgbà kajú kan lọ, òmíràn dé. Anwar gbọ́ Yorùbá Savè débi pé ó ń fi í ṣàwàdà, àfi pé "ẹ" ló ń bá gbogbo ayé sọ.

"Moufi, mo nífẹ̀ẹ́ yín."

"Ta ni 'yín'? Èmi àti ta ni?"

"Ìwọ nìkan, ayọ̀ mi. Ìwọ nìkan ṣoṣo."

Nígbà tó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá náà kò béèrè àwọ̀, kò béèrè orílẹ̀-èdè. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ó ní ilé?" Moufidatou ní. Ilé tó ń fi èrè kajú kọ́ ní àdúgbò Plateau ti dé orí òrùlé.

Ọjọ́ tí Anwar wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Lassissi, bàbá rẹ̀, ni nǹkan bàjẹ́. Ó mú àwọn àgbà mọ́sálásí méjì wá, ó mú obì wá, ó sì gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lérí.

"Àpótí kí nìyí?" Lassissi béèrè.

"Ẹrù mi ni, Bàbá. Níbo ni kí n gbé e sí?"

Moufidatou fọwọ́ bojú. Kò rántí sọ fún un pé bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn kọ́ la ń ṣe é ní Savè. Ìyá Chimène, àbúrò bàbá rẹ̀, pariwo: "Ọkọ tó fẹ́ wá máa jẹun lábẹ́ ìyàwó! Ó tán!"

"Gbé ẹrù rẹ," ni Lassissi wí. "Mi ò ní so yìgì ọmọ mi fún ẹni tí kò nílé. Kí wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Savè?"

Bẹ́ẹ̀, bí bàbá kò bá fọwọ́ sí i, lémọ́ọ̀mù kò ní so yìgì. Moufidatou mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ilé ta lẹ dàgbà sí?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

"Bàbá yín lọ sóko kòkó ní Ghana, wọn ò padà. Gàrí tí ìyá yín tà ní Okpara ló kọ́ ilé tó wò yín dàgbà, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ kì í ṣọkùnrin. Mi ò tọrọ ilé, mo ní ilé. Yìgì ni mo ń tọrọ. Bí ẹ bá kọ̀, mi ò ní sá lọ, mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. A ó jọ máa wo ẹnu yín títí irun wa á fi funfun."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ni mo jọ, Bàbá."

Anwar gbé àpótí rẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà òjò, bàbá àti ọmọ kò bára wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìlú ń sọ tiwọn. Ó dun Moufidatou dé egungun, síbẹ̀ ó ń kọ́ ilé rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ kan, ó bá Lassissi ní Plateau, tó ń fi ọ̀pá wọn ẹnu ọ̀nà, tó sì ń bá Régis bíríkìlà jà.

"Ta ló ṣe èyí? Ọkùnrin tó ga tó yẹn, ṣé kó máa bẹ̀rẹ̀ wọlé bí olè ni?"

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Régis, wó o, kó o gbé e sókè."

Moufidatou jókòó sórí bíríkì, ó sì sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

Wọ́n so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sin ọkọ wá sílé ìyàwó. Ẹsẹ̀ ìyàwó ni à ń bu omi sí kó tó wọlé ọkọ, ìyẹn ni gbogbo wọn mọ̀. Ọkọ ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé igbá omi.

"Kí n wẹ ẹsẹ̀ ọkùnrin?" Ìyá Chimène ní. "Láéláé!"

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ aṣọ. Anwar sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ni ìyàwó tòun ti gèlè lórí bá ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba igbá náà.

"Ẹ rín in dáadáa," ó ní, "torí mi ò ní tún un ṣe lọ́la."

Ó bu omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó bu ú sí tòsì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ wọ́n.

"Ta ló nilé náà gan-an?" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Èmi ni," Moufidatou dáhùn. Ó di ọwọ́ Anwar mú. "Ọkọ mi, wọlé."